Ilé Ìfọṣọ Àárín Oko Ápù

Aṣọ ni mo fọ̀ jẹun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń retí ìtàn dókítà tàbí ti lọ́yà tètè dìde kó máa lọ. Láti ìgbà tí egungun mi ṣì le títí di ìgbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ṣe, ojú kan náà ni mo sì ti ṣe é: kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó wà láàárín oko ápù, ní ìgbèríko Kent. Peckham ni mo ń gbé nígbà náà, Peckham náà ni mo ṣì wà.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni kò jẹ́ kí n sinmi tí mo fi ní kí n sọ ọ́. Bí a bá ti bọ́ sùtánà tán lọ́jọ́ Sunday báyìí, ọ̀kan á rọra sún mọ́ mi: "Mummy Fúnmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n do nursing ni àbí kí n do computer." Bí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ràn, á ní òun ò mọ̀. Kò burú. Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín. Ẹ fa àga súnmọ́ mi.

Ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, ni mo wá bá ní London. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, ọ̀nà Camberwell ló máa ń gbà. Arábìnrin kan nínú ìjọ ló sọ fún mi pé ilé ìwé kan ń wá ẹni tó mọ aṣọ fọ̀. Mo lọ, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta, wọ́n sì yanjú. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀ yẹn.

Ìrìnàjò ibẹ̀ ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ kùtùkùtù ní ìdíkọ̀ Peckham Rye, gbogbo ayé ń wọ ìgboro lọ, èmi nìkan ni mo kọjú sí oko. Bàbá Fúnmi á ní, "Ìyá Fúnmi, ìyà oko ló lé wa kúrò n'Ílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. O tún fi ọkọ̀ ojú irin wá oko lọ ní ìlú òyìnbó!" Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ kékeré kan tí kò sí ju bẹ́ǹṣì kan lọ níbẹ̀, màá wá fẹsẹ̀ rìn la inú oko ápù kọjá, àwọn àgùntàn á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí láyé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò tóbi. Ilé bíríkì àtijọ́ kan ni, ilé ìsìn kékeré kan, ilé ìkàwé, gbọ̀ngàn ìjẹun, àti ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí. Ó kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ìdí gáréèjì, ẹni tó wà ní ilé ìkàwé á ní "pẹ̀lẹ́ o." Wọn kì í kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀, wọn kì í kọ́ ẹ̀rọ. Ìwé kíkà ni, ìtàn, orin, àwòrán, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí àwọn àgbà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ilé ìwòsàn àwọn tí ara wọn ò yá ni, nítorí mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n nà gbalaja sórí koríko lọ́sàn-án gangan, ìwé bo ojú wọn.

Mo bi ọ̀gá mi, Mrs Bell, pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe," ni wọ́n dá mi lóhùn.

"Iṣẹ́ wo, mà?"

"Wọ́n ń ronú."

Mo ní hẹ̀n-ẹ́n. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí bàbá mi bá bá mi níbi tí mo nà sí báyẹn lọ́sàn-án, pàṣán ni yóò bá mi ronú.

Mrs Bell yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa wọn. Obìnrin gbọọrọ kan ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn gún bí ọ̀pá, irun wọn kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú gèlè tín-ínrín tí wọ́n fi ń dì í. Ọmọ abúlé ibẹ̀ ni wọ́n, ìyá wọn ló sì ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wọn. Wọn kì í pariwo. Ẹni tó ń pariwo kò bani lẹ́rù bí ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ní "Comfort," bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi nìyẹn, tí wọ́n wá dákẹ́, kí n ti mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan.

Ẹ rántí pé ìjọ aláṣọ funfun ni mo ti wá. Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní aṣọ funfun fọ̀, èrò ọkàn mi nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú sùtánà mi dání láti fi hàn wọ́n. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń kọ mọ̀nà. Wọ́n na ìka kan sí i.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, mà," ni mo wí, orí mi ti wú.

Wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Búlúù ti pọ̀ jù nínú omi tí o fi ṣàn án. Aṣọ yìí kò funfun, ẹ̀rù ló ń bà á." Wọ́n dá a padà fún mi. Inú bí mi láti Kent títí dé Peckham. Nígbà tí mo délé, mo gbé aṣọ náà sójú fèrèsé bí wọ́n ṣe gbé e. Òtítọ́ ni. Ó ń yọ búlúù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Aṣọ ṣíṣà ni mo ń ṣe, kí n ya funfun sọ́tọ̀, kí n ya aláwọ̀ sọ́tọ̀, kí n ya òwú kúrò lára irun àgùntàn, kí n wo inú àpò gbogbo ṣòkòtò. Wọ́n á ní kí n di ojú mi, kí n fọwọ́ pa aṣọ, kí n sọ irú aṣọ tó jẹ́. Bí mo bá ṣì í, wọn kò ní bú mi, wọ́n á kàn tún fi òmíràn sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ti sá gbogbo ṣíìtì sórí okùn tán, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn yẹbẹyẹbẹ, tí mo ń fọkàn yin ara mi, wọ́n jáde wá, wọ́n wo okùn náà, wọ́n já ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, wọ́n dà á padà sínú omi. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ló wà létí rẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ.

Mo ní, "Mà, ta ni yóò rí i?"

Wọ́n ní, "Ẹni tó máa sùn lé e. Ọmọ ọlọ́mọ ni, kò sí ìyá rẹ̀ nítòsí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ là ń fọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ gbọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ti rí àkísà àwọn ọlọ́gbọ́n. Ilé ìfọṣọ ni ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tú síta. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìgbà ìwọ́wé, àpò ìrọ̀rí wọn á máa ní àbàwọ́n iyọ̀ omijé; a kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ Mrs Bell á ní kí n fi aṣọ ìbora kan kún ti ẹni tó ni ín. Tó bá di oṣù tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, àbàwọ́n kọfí ni lára gbogbo apá aṣọ. Àwọn tó ń kun àwòrán, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń fi ara wọn nù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbàwọ́n koríko ní ìgbúnwọ́ àti orúnkún. Ó sì ní ìgbà tí ìbọ̀sẹ̀ ọmọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú àpò aṣọ ọmọbìnrin kan. Èmi àti Mrs Bell á wo ara wa, a ó ká a pọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kò gbé ṣòkòtò wá rí kí ápù tó ti jẹ dé ìdajì má wà ní àpò rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní òun máa ń gbàgbé pé òun ń jẹun.

Nígbà òtútù, ilé wa ni ibi tó móoru jù lọ nínú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí omi gbígbóná àti páìpù. Wọ́n á kó ìwé wọn wá, wọ́n á jókòó lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. Mrs Bell kì í lé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó gbọ́dọ̀ ká táwẹ̀lì. Báyìí ni mo ṣe ń lọ aṣọ tí mo ń gbọ́ àríyànjiyàn nípa bóyá ènìyàn ní òmìnira tàbí kò ní. Àárín àwọn wọ̀nyẹn ni mo ti gbọ́ ewì Gẹ̀ẹ́sì, mo ti gbọ́ orin Jámánì, mo sì ti rí àwọn méjì tí wọ́n ń ṣe eré ìtàgé tí wọ́n fi pátákó ìlọṣọ mi ṣe òkú. Mi ò lọ yunifásítì, àmọ́ yunifásítì bá mi nídìí áyọ́ọ̀nù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Ràbí.

Mo ti pẹ́ níbẹ̀ dáadáa nígbà tó dé. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Ẹ káàárọ̀ mà." Ṣíìtì bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti gbogbo ọdún yìí wá, àgùntàn nìkan ló ń kí mi nínú oko yẹn tí kì í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe! Mo yíjú, mo rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ìborùn bo orí, ó kúnlẹ̀ lórí ìrì.

"Dìde, dìde! Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ràbíátù ni, mà. Wọ́n ń pè mí ní Ràbí. Mo wá láti Peckham."

"Peckham ibo?"

"Ẹ̀yìn Rye Lane, Aunty. Daddy mi ló ní shop báàgì yẹn, beside ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja."

Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti ra báàgì ìrìnàjò lọ́wọ́ Alhaji, ẹsẹ̀ báàgì náà kán kí n tó dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mi ò sọ ìyẹn fún un.

Ọmọ tó mọ ìwé ni. Ìtàn ló wá kọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ìtàn. Alhaji fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ apoògùn, ó ti bá a wá àyè sí ilé ìwé mìíràn nínú London, ọmọ náà ló fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní kó lọ dán an wò fún ọdún kan. Ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa tán, ibẹ̀ kò wá bá a lára mu. Lójoojúmọ́ ló ń wá jókòó sọ́dọ̀ wa, ó ń ká táwẹ̀lì, kì í bá àwọn yòókù dá sí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí igi ápù bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún mi. Mrs Bell ti jáde lọ gba ọṣẹ.

"Aunty, honestly, mo ti pinnu. Mo ti call Daddy. Wọ́n ń bọ̀ ní Saturday wá kó mi."

"Saturday ọjọ́ orin?" Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ akọrin kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń kọrin ìgbà ìrúwé, tí àwọn òbí àti àwọn ará abúlé máa ń wá.

"Ẹn-ẹ́n. Kò sẹ́ni tó máa notice pé mo lọ."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, Aunty. Gbogbo wọn nice. But wọn ò mọ̀ mí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní class, ó máa ń dà bíi pé mo ya ohùn lò. Mo miss ilé. Mo miss ariwo."

Mi ò ní kó dúró, mi ò ní kó lọ. Ohun tí ọkàn ọmọ ti gbé, ẹnu àgbà kì í já a gbà kíákíá. Mo ní kó di etí ṣíìtì kejì mú kí a jọ ká a. Ó dì í mú. A jọ ń súnmọ́ ara wa, a jọ ń jìnnà síra wa, títí a fi ká gbogbo rẹ̀ tán. Inú mi kò dùn.

Ọjọ́ Friday tó ṣáájú ọjọ́ orin náà ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Aṣọ àwọn akọrin, aṣọ funfun gígùn ni, ó wá sílẹ̀ dé kókósẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí Mrs Bell. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n kó ìdajì wọn sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, ìdajì kejì ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Mo wà lóde, mo ń na okùn. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n ní, "Comfort." Wọ́n wá dákẹ́.

Mo sáré wọlé. Wọ́n dúró síwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n mú ọ̀kan nínú aṣọ náà lọ́wọ́, omi ń ro tótó láti ara rẹ̀. Ó ti di píǹkì. Kì í ṣe ojú kan. Gbogbo rẹ̀. A fa òmíràn yọ, píǹkì. A fa òmíràn, píǹkì tó le gan-an. Nígbà tó yá, ìborùn pupa kan yọ orí jáde láti àárín wọn bí ejò tó jẹun yó.

Ràbí ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un, òun ló fẹ́ fi bo orí lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ó ti rí i pé Mrs Bell fẹ́ fọ aṣọ, ó sì kàn tì í bọ inú òkìtì aṣọ pé kó bá wọn mọ́. Àfi bó ṣe wọlé lásìkò yẹn gan-an, tó gbé ìwé dání. Ó rí ìborùn náà, ó rí aṣọ, ìwé bọ́ sílẹ̀.

"Oh my God. It's mine. Mrs Bell, it's mine." Ó yíjú sí mi. "Aunty, mo ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

 Mo ti rí ohun tí Mrs Bell ṣe nítorí ẹsẹ̀ ẹyẹ lásán. Wọn kò bú ọmọ náà. Wọ́n da omi gbígbóná, wọ́n da oògùn tó ń yọ àwọ̀, wọ́n rẹ aṣọ kan sínú rẹ̀, a dúró. Píǹkì náà kò lọ. Wọ́n tún un ṣe. Kò lọ. Wọ́n jókòó sórí àpótí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i kí wọ́n jókòó lásìkò iṣẹ́ rí.

Wọ́n ní, "Ìdajì akọrin á wọ funfun, ìdajì á wọ píǹkì. Wọ́n á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín ní gbogbo abúlé yìí."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò bá wọn dá àbá rí láti ọjọ́ tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Mà, ní ìlú wa, bí aṣọ kan bá bàjẹ́ lára ẹgbẹ́ rẹ̀, a kì í sunkún lé e. A máa ń pa gbogbo rẹ̀ láró kan náà ni."

Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wò mí pẹ́.  Mrs Bell dìde, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ní, "Gbé omi kaná."

Àmọ́ níbo la ti fẹ́ rí aró? Ràbí ló sọ ọ́: "Àwọn drama people! Wọ́n máa ń dye costume." Kò dúró gba èsì. Ó sáré, ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Please, it's an emergency!" Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìfọṣọ kún fọ́fọ́. Àwọn òṣèré dé pẹ̀lú ike aró, àwọn tó ń kun àwòrán dé, wọ́n ní àwọn ló mọ bí a ṣe ń po àwọ̀. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí irú píǹkì tó jẹ́. Ọmọ elápù inú àpò yẹn náà dé, ó gbé igi gbọọrọ kan dání, ó ń ro omi bí ẹni ro ọkà. Ràbí dúró ní àárín, ó ń pàṣẹ: "Ìwọ, mú ọ̀kan tó ti ní àwọ̀ wá ká fi wé e! Ìwọ, add omi!" Nígbà míì Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀, wọ́n sì ń ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Mrs Bell kàn ń rìn láàárín wọn, ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí aró jókòó sídìí ìkòkò. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà; nígbà tí ìrésà kò gbà, a fi lẹ́ẹ̀dì kun gbogbo ìwé náà tán.

Àárọ̀ Saturday, oòrùn yọ. A sá gbogbo aṣọ náà sórí okùn tí a so mọ́ àárín igi ápù. Igi ti tanná, òdòdó rẹ̀ funfun, píǹkì díẹ̀ ní etí. Aṣọ gbogbo ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti ibi oúnjẹ àárọ̀, wọ́n dúró wò ó.

Ìgbà tí a wà nídìí áyọ́ọ̀nù ni Alhaji dé. Ó wọ agbádá, ó gbé báàgì ìrìnàjò ńlá titun kan dání láti fi kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti júwe ibi tó wà fún un. Ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó rí Ràbí láàárín àwọn ọmọ òyìnbó, apá rẹ̀ méjèèjì pupa dé ìgbúnwọ́, ó ń lọ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ràbíátù! Ṣé alágbàfọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà níbí ni?"

 Mo jáde síwájú, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Alhaji. Èmi ni alágbàfọ̀ o. Ìyá Fúnmi ni mí, láti Peckham. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"Àṣé Yorùbá wà níbí?" Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ yín ló ba aṣọ jẹ́, ọmọ yín ló sì kó gbogbo ilé ìwé jọ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kó o lọ."

Alhaji jókòó sórí báàgì rẹ̀. Ó mu tíì. Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé, nítorí ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wo Mrs Bell. "Mrs Bell," ó ní, "funfun ni mo rántí o."

Mrs Bell kò gbé ojú kúrò lórí ohun tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní, "Ẹ wo ìta, sà. Àwọ̀ òdòdó ápù ni. Ìgbà ìrúwé là ń ṣe."

Ọkùnrin náà wo ìta. Ó wo inú. Ó ní, "Òótọ́ ni," ó sì jáde.

Àwọn akọrin jáde lọ́sàn-án nínú àwọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ará abúlé pàtẹ́wọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Alhaji jókòó lẹ́bàá mi lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, bí ọ̀kan bá ti dé ọ̀dọ̀ Ràbí, á ní "Rabi, we did it!" á gbá a mọ́ra tàbí kó fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Alhaji ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn orin, ó pe ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igi, èmi náà wà níbẹ̀.

"Ẹrù dà?" ó bi í.

Ràbí wolẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú. Mo fẹ́ dúró."

"Ìwọ lo pè mí! Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ẹ!"

"Mo mọ̀, Daddy. Lánàá mo fẹ́ lọ. I meant it. Àmọ́ mo fẹ́ dúró."

Alhaji yíjú sí mi bí ẹni pé kí n gbà á. Mo yí ojú sí òdòdó ápù. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìtàn, ìtàn. Ta ló ń jẹ ìtàn?" Ó tún wo gbogbo àwọn tó ń jó lórí koríko nínú píǹkì. "Parí ẹ̀. Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan ní ilé mi, o máa ń parí ẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀ lófìfo, èmi náà ń lọ sílé, a sì jọ wọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Rye Lane pé òun sunkún nígbà tí wọ́n ń kọrin. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ràbí parí ẹ̀ lóòótọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn báyìí ní ilé ìwé kan ní apá Forest Hill, wọ́n sì ní ó le bí ojú ẹja. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ wá, okùn inú oko wá ń ṣòfo. Aṣọ tí kò nílò lílọ dé. Mrs Bell fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ sí etí òkun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n wo àpò ìrọ̀rí tí mo ń lọ, wọ́n ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ sunkún ayọ̀.

Nígbà tó ṣe, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fọ aṣọ wọn fúnra wọn. Wọ́n to àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń jẹ owó ẹyọ, nígbà tó yá fóònù ni wọ́n ń nà sí i. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti tán. Irọ́! Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kan da ọṣẹ ìfọbọ́ sínú ẹ̀rọ, ìfófò kún ilé, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀ wá kí ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì. Ni wọ́n bá ní kí n máa kọ́ wọn. Báyìí ni mo ṣe di olùkọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, á di ojú, á fọwọ́ pa aṣọ, á sọ irú aṣọ tó jẹ́. Bó bá ṣì í, mi ò bú u. Mo fi òmíràn sí i lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa, nọ́ọ̀sì dáa, kọ̀ǹpútà dáa. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wá ẹni tó le, kí ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má wo orúkọ iṣẹ́ jù. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n se oúnjẹ fún mi ní gbọ̀ngàn ìjẹun. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn. Wọ́n fi mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àgbà, kì í ṣe ẹni ìjọ́sí mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Wọ́n ní kí n gbàdúrà. Ẹ mọ̀ wá, àwa aláṣọ funfun kì í gbàdúrà kúkúrú. Mo fi èdè Yorùbá gbà á, mo gbàdúrà fún olùkọ́, mo gbàdúrà fún akẹ́kọ̀ọ́, mo gbàdúrà fún àgùntàn. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe Àmín, gbogbo ilé ń dún. Ọbẹ̀ tutù.

A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí ọ̀gá àgbà ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ ìyìn nípa mi, agbádá oyè rẹ̀ gbá ife, wáìnì pupa dà lu aṣọ tábìlì, ó ṣàn lọ bí odò.  Kò sẹ́ni tó wo ọ̀gá àgbà. Wọn ò wo wáìnì. Èmi ni gbogbo wọn yíjú sí.

Mo wo àbàwọ́n náà dáadáa. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo mú ṣíbí mi, mo tún bu ọbẹ̀ díẹ̀ sínú àwo mi, mo ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o."